Ẹ̀rọ Tó Ń Rán Oníṣègùn Létí Yẹ Kó Dé Ilé Ìwòsàn Alábọ́ọ́dé

Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé bí ọmọ oṣù mẹ́jọ tó ń wúkọ́ bá mí tó ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n fura sí òtútù àyà. Bó bá ti pé ọdún kan, iye náà di 40. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera ni wọ́n ti kọ́ níyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí èrò bá kún ẹnu ọ̀nà, tó sì jẹ́ pé òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu iṣẹ́, ó rọrùn kó gbàgbé láti ka èémí ọmọ. Yóò kọ oògùn ibà, ìyá yóò gbọ́mọ pọ̀n, ó di ilé.

Irú àṣìṣe báyìí ni ẹ̀rọ lè bá èèyàn dín kù. Ní Nairobi, lórílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, iléeṣẹ́ ìlera Penda Health dán ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní AI Consult wò ní ilé ìwòsàn wọn 15, àbájáde rẹ̀ sì jáde lọ́dún 2025. Ìgbà tí wọ́n fi í wo aláìsàn àtèyí tí wọn ò lò ó, àpapọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40,000. Bí òṣìṣẹ́ ṣe ń kọ ohun tó rí lára aláìsàn sílẹ̀ ni ẹ̀rọ ń kà á. Bí gbogbo rẹ̀ bá tọ́, yóò tan àwọ̀ ewé; bí nǹkan kan bá fẹ́ àtúnwò, yẹ́lò; bí ewu bá wà, pupa, òṣìṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ ka ìkìlọ̀ náà kó tó tẹ̀ síwájú. Òṣìṣẹ́ ló ṣì ń pinnu. Àwọn dókítà tó yẹ apá kan àkọsílẹ̀ náà wò rí i pé níbi tí wọ́n ti lò ó, àṣìṣe nínú dídá àìsàn mọ̀ fi ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù, ti ìtọ́jú sì fi ìdá 13 dín kù.

Ìwádìí náà kò tíì fi hàn pé aláìsàn ń gbádùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì yẹ kí ìjọba tó bá fẹ́ náwó sí i mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ju ti ẹ̀rọ lọ: ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ fojú fo ìkìlọ̀ pupa. Ìgbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tó mọ̀ ọ́n lò jókòó tì wọ́n ni nǹkan yí padà. Ẹ̀rọ tó bá sì ń pariwo lórí gbogbo nǹkan, kò ní pẹ́ tí wọn ò fi ní dá a lóhùn mọ́.

Nàìjíríà náà ti tọ́ irú ẹ̀rọ báyìí wò. Ní ìpínlẹ̀ Adamawa, wọ́n lo ètò kan tó ń jẹ́ ALMANACH lórí tábúlẹ́ẹ̀tì láti tọ́ òṣìṣẹ́ sọ́nà, ìbéèrè kan tẹ̀lé òmíràn, bó bá ń wo ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Kí àwọn ìjọba ilẹ̀ Yorùbá bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, níbi tí dókítà kì í sábà sí. Kí wọ́n pèsè iná sólà mọ́ ọn, kí owó tí wọn yóò fi kọ́ òṣìṣẹ́ sì ti wà nínú ìṣúná kí wọ́n tó ra tábúlẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo.