Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gun alùpùpù lọ sí Gánà, àpò inú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò o!

Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa. Nígbà tí Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù láti Lọ́ńdọ̀nù wá sí Èkó fún ọjọ́ 41 lọ́dún 2022, torí àtiwá owó tí wọ́n máa fi gbógun ti àrùn rọpárọsẹ̀, gbogbo ayé ló rí i pé alùpùpù kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń gbé èrò nìkan. Ẹni tí agbára ẹ̀ ò bá gbé Lọ́ńdọ̀nù, ó lè gba Sèmè kọjá sí Kútọnu, kó dé Lómè, kó sì wọ Àkrà. Àmọ́ ẹrù ńkọ́?

Bọ́dà mẹ́ta ló wà lójú ọ̀nà yẹn: Sèmè, Hilla-Condji àti Aflao. Àwọn aṣọ́bodè lè ní kí èèyàn tú ẹrù ẹ̀ wò níbi kọ̀ọ̀kan. Tó bá tún dalẹ́, àpótí tí wọ́n ti dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ alùpùpù kì í bá olówó ẹ̀ wọ òtẹ́ẹ̀lì. Àpò inú ló ń yanjú ìyẹn. Wọ́n á fà á yọ, wọ́n á gbé e wọlé, àpótí á wà níta tòun tẹrẹ̀ ara ẹ̀.

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé àpótí olówó gọbọi ò lè jò. Irọ́ ni o! Rọ́bà ẹnu ìdérí máa ń gbó, bí alùpùpù bá sì ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ìdérí lè má pa dé dáadáa mọ́. Èyí tí wọ́n fi àlùmínì ṣe tún máa ń kun aṣọ funfun ní dúdú. Àwọn kan á ra Ghana-must-go torí pé owó ẹ̀ ò wọ́n, bẹ́ẹ̀ omi ń gba ojú abẹ́rẹ́ àti síìpù ẹ̀ wọlé.

Kí wọ́n tó ná ọjà, ẹnu àpótí ni kí wọ́n wọ̀n, torí ẹnu lè fún ju inú lọ. Kí wọ́n wọn ọ̀tún, kí wọ́n wọn òsì, nítorí lára àwọn alùpùpù kan, àpótí ẹ̀gbẹ́ sàlẹ́ńsà kéré ju èkejì. Èyí tí wọ́n ń ká lẹ́nu lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó dè é dáa ju onísíìpù lọ fún òjò. Kí ojú rírán ẹ̀ ní ohun tí wọ́n lẹ̀ bò ó nínú. Kí inú ẹ̀ mọ́lẹ̀, torí àtirí nǹkan lóru. Kó sì ní ìdìmú tó lágbára.

Wọn ò gbọ́dọ̀ tìtorí àpò gbàgbé ìwọ̀n ẹrù: ohun tó wúwo, ìsàlẹ̀ ni, kí ọ̀tún àti òsì sì dọ́gba, kí alùpùpù má baà máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Aṣọ òjò tó ti rẹ ò gbọ́dọ̀ wọ inú àpò tí aṣọ gbígbẹ wà.

Ilé ni wọ́n ti ń dán an wò. Kí wọ́n ki ìwé ìròyìn àtijọ́ sínú ẹ̀, kí wọ́n dè é, kí wọ́n da omi kún garawa kan lé e lórí. Bí ìwé náà bá tutù, kí wọ́n má mú un rìn. Páásípọ́ọ̀tù tí omi bà jẹ́ lè dá èèyàn padà ní bọ́dà, ẹ̀bẹ̀ ò sì ní í gbẹ ẹ́.