Mo Pe Àwọn Tó Ń Ka Èrò Ọkàn Wa Lẹ́jọ́

Kí ọjọ́ ìbò ààrẹ Nàìjíríà, 25 oṣù Kejì ọdún 2023, tó pé, ọ̀pọ̀ olùwádìí èrò aráàlú ti sọ ẹni tó ń síwájú fún wa: Peter Obi ni. Nígbà tí INEC, àjọ elétò ìdìbò, ka ìbò tán, Bola Tinubu ló wọlé pẹ̀lú ìbò 8,794,726, Atiku Abubakar ṣe ìkejì, Obi ṣe ìkẹta. Àríyànjiyàn lórí èsì yẹn ti dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, wọ́n sì ti dá a. Ẹjọ́ tí mo gbé wá yìí yàtọ̀ sí i.

Ẹ̀sùn kìíní: wọ́n da àwọn tó dákẹ́ nù. Nínú ìwádìí orí fóònù tí NOIPolls ṣe fún Anap Foundation ní oṣù Kejìlá 2022, Obi gba ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún, Tinubu gba 13, Atiku gba 10. Èyí ni ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn fi ṣe àkọlé. Ṣùgbọ́n ìdá 29 ní àwọn kò tíì pinnu, 23 sì kọ̀ láti sọ. Ó lé ní ìdajì! Ká má parọ́ mọ́ àwọn olùwádìí, iye náà wà nínú ohun tí wọ́n gbé jáde. Àwọn oníròyìn ló gbà pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ta ni kò sì ní dákẹ́? Àjèjì pè yín, nọ́ńbà yín wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ta lẹ fẹ́ dìbò fún. Bó bá ti dárúkọ ara rẹ̀, bóyá Emeka ni o, bóyá Músá, bóyá Kúnlé, ẹ ti mọ ibi tó ti wá. Onímọ̀ òṣèlú Claire Adida àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àkọsílẹ̀ ìwádìí èrò aráàlú Afrobarometer wò, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2016 pé ìdáhùn èèyàn máa ń yí padà bí ẹ̀yà ẹni tó ń béèrè kò bá bá tiwọn mu.

Ẹ̀sùn kejì: wọ́n bá onífóònù sọ̀rọ̀, wọ́n ní gbogbo ìlú ló fọhùn. Ní oṣù Kẹsàn-án 2022, Bloomberg gbé ìwádìí tí iléeṣẹ́ Premise ṣe lórí áàpù fóònù jáde. Èèyàn 3,973 ló dáhùn. Nínú àwọn tó ti pinnu, ìdá 72 ní Obi ni. Wọ́n ní àwọn fi ọjọ́ orí, akọ-n-bábo àti agbègbè tún ìṣirò náà ṣe. Ṣùgbọ́n ìyá eléwé ọmọ tí kò ní irú fóònù bẹ́ẹ̀, ìṣirò wo ló máa wá a kàn? Ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́ ni. Nígbà ìbò ààrẹ Amẹ́ríkà lọ́dún 1936, ìwé ìròyìn Literary Digest fi ìwé ránṣẹ́ sí mílíọ̀nù mẹ́wàá èèyàn, púpọ̀ nínú orúkọ wọn láti inú ìwé àwọn onítẹlifóònù àti àkọsílẹ̀ àwọn onímọ́tò. Ó lé ní mílíọ̀nù méjì tó dáhùn. Ìwé ìròyìn náà ní Landon ló máa wọlé. Roosevelt gba ìpínlẹ̀ 46 nínú 48.

Ẹ̀sùn kẹta: wọ́n ka ohun tí ẹnu sọ mọ́ ibi tí ẹsẹ̀ dé. Nínú ìbò 2023 tiwa, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò lé ní mílíọ̀nù 93. Nǹkan bí ìdá 27 ló jáde. Mi ò pe Stears, iléeṣẹ́ kan tó ṣe ìwádìí tirẹ̀, lẹ́jọ́ lórí èyí o: wọ́n ní bí èrò bá tú jáde, Obi ni, bí wọn ò bá jáde, Tinubu ni.

Ẹ̀sùn kẹrin kàn wá. Ìwádìí tó bá gbè wá la ń pín kiri lórí WhatsApp, èyí tí kò gbè wá, a ní wọ́n ti gbowó.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Kí ìbò 2027 tó dé, ìwé ìròyìn tó bá kọ ìdá ẹni tó ń síwájú sí ojú ìwé àkọ́kọ́, kó kọ ìdá àwọn tó dákẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí lẹ́tà méjèèjì sì tóbi bákan náà.