Ère Àwọn Tí Ìjọba Tì Mọ́lé

Láàárín oṣù kẹwàá ọdún 2017 àti oṣù kẹfà ọdún 2018, ère mẹ́ta ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó gbé kalẹ̀ ní apá Ìkẹjà sí Ojóta, ilẹ̀ tí ó jẹ́ ìgbèríko Èkó nígbà kan. Ti Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ni àkọ́kọ́, ní oríta Allen. Ti Gàní Fáwẹ̀hìnmi tẹ̀ lé e ní Ojóta. Ti Olóyè M.K.O. Abíọ́lá sì gbẹ̀yìn, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà. Gómìnà Akinwunmi Ambode ni ó ṣí aṣọ lójú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìkẹjà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbé nígbà ayé wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe àdúgbò nìkan ni ó pa wọ́n pọ̀. Ẹlẹ́wọ̀n ìjọba ni gbogbo wọn. Ìjọba ológun sọ Fẹlá sẹ́wọ̀n ní 1984, kò sì jáde títí di 1986. Wọ́n gbé Gàní sí àtìmọ́lé léraléra, títí dé Gáṣúà. Abíọ́lá ni aráàlú dìbò fún ní 1993. Ní 1994 wọ́n mú un, ní ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún 1998 ó kú sí àhámọ́. (Muhammadu Buhari tí ìjọba rẹ̀ ti Fẹlá mọ́lé náà ni ó wá sọ ọjọ́ 12 oṣù kẹfà di ọjọ́ ìjọba tiwa-n-tiwa ní 2018. Ayé ń yí.)

Abolore Sobayo tí ó ṣe ère Fẹlá kò fi orí sí i. Aṣọ ni ó dúró níbẹ̀, aṣọ nìkan. A kò bá oníṣẹ́ ọnà jà, nítorí aṣọ yẹn tó fún ará Èkó láti mọ ẹni tí à ń wí. Ohun tí ó kàn wá ni agbára tí ń gbé ère ró tí ó sì ń gbé e kúrò. Ìjọba Ambode kan náà ni ó wú Àró Mẹ́ta, àwọn olóyè onífìlà funfun mẹ́ta tí Bodun Shodeinde ṣe ní 1991, kúrò ní ẹnubodè ọ̀nà Ìbàdàn, tí ó kó wọn lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀pẹ́ sì ni ìlú Gómìnà.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ọgbà Gàní ní Ojóta. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ kìíní ọdún 2012, ibẹ̀ ni èrò ti ń pé jọ lójoojúmọ́, tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní, ilẹ̀ mọ́, àwọn ọmọ ogun ti gba ọgbà náà. Ọdún méjìlá kọjá. Ní ìparí oṣù keje ọdún 2024, lórí ẹ̀bẹ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, Ilé Ẹjọ́ Gíga Èkó pàṣẹ pé kí àwọn tí ó fẹ́ ṣe ìwọ́de ní oṣù kẹjọ má ṣe é níbòmíràn bí kò ṣe ní ọgbà Gàní yìí àti ní ọgbà kan ní Kẹ́tu. Ibi tí a ti lé aráàlú kúrò ni a wá há wọn mọ́! Agbẹjọ́rò tí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ jà pé ìgboro jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, orúkọ rẹ̀ ni a fi sàmì sí ààlà ibi tí ènìyàn lè dúró sí. A kò gbọ́dọ̀ ka èyí sí ọ̀wọ̀ lásán.

Ẹ̀yin olùkọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ọmọ tí ó bá rí ère lẹ́bàá ọ̀nà yóò gbà pé ọ̀rẹ́ ìjọba ni ẹni náà, àfi bí ẹnìkan bá sọ ìyókù fún un. Ọjọ́ kan tó láti kó kíláàsì yípo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí a bẹ̀rẹ̀ ní òpópónà Gbémisọ́lá, ní ilé tí a sin Fẹlá sí, tí ó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé láti 2012. Kí a gba Allen, kí a sì parí ìrìn náà ní Ojóta.