Owó Ilé Tí Áàpù Ń San

Ọ̀dọ́ tó bá kọ́ áàpù fún ilé ìtajà tàbí ẹgbẹ́ aláàjọ ní láti wá ibi tí áàpù náà yóò máa gbé. Àwọn ilé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n dà bí onílé: tiwọn ni kọ̀ǹpútà, iná àti ìtọ́jú, áàpù nìkan ni ayálégbé ń gbé wọlé. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gba owó ilé ni a fẹ́ yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí.

Ọ̀nà kìíní ni ọ̀fẹ́. Ọ̀dọ̀ Heroku, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2007, ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti kọ́kọ́ rí irú ilé bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Ògún ọdún 2022, wọ́n kéde pé ọ̀fẹ́ ń bọ̀ wá sópin. Ní ọjọ́ 28 oṣù Bélú, ó parí. Ẹni tí kò bá sanwó, áàpù rẹ̀ dákẹ́.

Ọ̀nà kejì ni iye kan pàtó lóṣooṣù. Lẹ́yìn ìkéde yẹn, Heroku gbé oríṣi méjì tí kò wọ́n jáde. Dọ́là 7 ni ti àkọ́kọ́ fún áàpù kan, kì í sì í sùn. Ìkejì jẹ́ dọ́là 5 fún wákàtí 1,000, èyí tí gbogbo áàpù ẹni yóò jọ pín. Áàpù tí kò bá rí àlejò fún ìṣẹ́jú 30 yóò sùn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: oṣù ọlọ́jọ́ 30 ní wákàtí 720. Áàpù méjì tí kì í sinmi yóò jẹ wákàtí 1,440. Bí 1,000 bá ti tán, gbogbo wọn yóò sùn títí oṣù yóò fi parí.

Ọ̀nà kẹta ni kí a máa san iye tí a bá lò. Ó jọ mítà iná, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá wà níbẹ̀. Bí owó bá tán lórí mítà ilé wa, iná á lọ. Ní tibí, mítà ń sáré lọ, ìwé owó ló ń dé lẹ́yìn. Ìkìlọ̀ tí a lè ṣètò sórí rẹ̀ máa ń ta wá lólobó ni. Kì í fúnra rẹ̀ pa iná.

Dọ́là sì ni owó ilé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bíi náírà 460 ní ọjà ìjọba. Lọ́dún 2024, ó kọjá 1,500. Dọ́là 7 tó jẹ́ náírà 3,220 tẹ́lẹ̀ wá di 10,500, bẹ́ẹ̀ onílé kò fi kọ́bọ̀ kún un.

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Áàpù tí a fi ń kọ́ṣẹ́ lè máa sùn. Èyí tí àwọn ìyálọ́jà ń fi ka owó àjọ kò gbọdọ̀ sùn. Iye kan pàtó ló yẹ ẹ́. Kí ẹ tó fi ọwọ́ kan iṣẹ́, ẹ jókòó pẹ̀lú ẹni tó gbé e fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ àǹtí yín, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ni yóò máa san owó ilé, ní iye tí dọ́là bá jẹ́ lóṣù náà. Kí ẹ sì máa tọ́jú ẹ̀dà àkọsílẹ̀ wọn sọ́dọ̀ ara yín, nítorí onílé lè lé ayálégbé nígbàkigbà.