Ẹ Má Da Fíìmù Àtijọ́ Nù

Nígbà tí ẹ bá ń palẹ̀ yàrá àwọn àgbà mọ́ ní Kúdẹtì yìí, ẹ yẹ páálí wò dáadáa kí ẹ tó kó o dànù. Fọ́tò ara ògiri lè ṣá. Nẹ́gátíìfù ni ìyá rẹ̀. Bó bá ṣì wà, a lè tún tẹ òmíràn. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń pa á. Ibi gbígbẹ ni kí ẹ kó o sí.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìbejì. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sínú African Arts ní 1978 pé ní Ìlá Ọ̀ràngún, àwọn kan ti ń fi fọ́tò rọ́pò ère ìbejì. Bí ọ̀kan bá ti kú, èyí tó kù ni ayàwòrán máa yà, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, bí ẹni pé Táíwò jókòó ti Kẹ́hìndé. Bí wọ́n bá jẹ́ akọ àti abo, ẹni tó kù á wọ aṣọ tirẹ̀, á tún wọ ti ìkejì.

Ẹ̀yin tí ẹ tún ń gbé kámẹ́rà onífíìmù kiri Ọjà'ba àti Mápó, ẹ kú iṣẹ́. Àwòrán 36 péré ló wà nínú fíìmù kan, torí náà ẹ fara balẹ̀. Ẹ ya ìyá tó ń lọ ata. Ẹ tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó ya ojúbọ. Èyí tí awo bá ní ẹ má yà, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ sì kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò o. Àgbà tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, báwo la ṣe fẹ́ kì í lọ́jọ́ egúngún?