Ẹ Gbé Ìrẹsì Lọ Bá Wọn Nílé

Ọ̀gá Olóòtú,
Lọ́jọ́ 21 oṣù December 2024, èrò tó wá gba oúnjẹ Kérésì tẹ èèyàn 10 pa ní ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì Holy Trinity, Maitama, l'Ábújá. Ọmọdé mẹ́rin wà nínú wọn. Àwọn kan ní ojúkòkòrò ni. Ojúkòkòrò kẹ̀? Ebi ni o! Ta ló yó tí yóò jí ní ìdájí lọ dúró sẹ́nu géètì?

Ṣùgbọ́n kí ló dé tá a fi ń pe aláìní jọ sójú kan? Ẹgbẹ́ Saint Vincent de Paul, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Paris lọ́dún 1833, ilé aláìní gan-an ni wọ́n máa ń lọ. Wọ́n wà láàrin àwọn Kátólíìkì ilẹ̀ wa náà. Ẹ kó ìrẹsì fún irú wọn, kí wọ́n máa gbé e kiri ojúlé kí Kérésì tó dé. Mo mọ̀ pé fọ́tò rẹ̀ kò ní dùn ún wò tó ti èrò rẹpẹtẹ.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.