Bí Ìtàn Àjèjì Ṣe Ń Di Ọmọ Onílé

Ní àgbègbè Adja-Ouèrè, láti Ikpinlè dé Massè, láti Kpoulou dé Oko-Akaré, ohun kan ń kọ àwọn àgbà lóminú. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àwọn ọmọ á kó ara wọn jọ sídìí tẹlifísọ̀n, tàbí kí wọ́n pagbo yí fóònù kan ṣoṣo ká. Fíìmù àwòrán ni wọ́n ń wò, irú èyí tí àwọn ará Jàpáànì máa ń yà, tí wọ́n ń pè ní anime. Èdè Faransé ni àwọn ẹni inú àwòrán náà ń sọ. Àwọn àgbà á mi orí, wọ́n á ní àlọ́ ti kú, ìtàn onítàn ti gba ilé.

Òótọ́ ń bẹ nínú ẹ̀dùn ọkàn yìí. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n gbé ẹ̀bi lé ni kò tọ́. Ìtàn kì í ba ìlú jẹ́ nítorí pé ó ti òkèèrè wá. Ohun tí ó burú ni kí ìtàn wọ ìlú, kí ó má sì rí ẹni tí yóò tún un dá. Àwọn ará Jàpáànì fúnra wọn ni ẹlẹ́rìí, nítorí pé díẹ̀ kọ́ ni fíìmù wọn tí ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ìwé ará ibòmíràn.

Àpẹẹrẹ kan ni ìtàn Heidi. Johanna Spyri, obìnrin ará Súwísàlandì, ni ó kọ ọ́ ní èdè Jámánì. Apá kìíní jáde ní 1880, apá kejì sì tẹ̀lé e ní 1881. Ọmọ òrukàn ni Heidi. Ọ̀dọ̀ bàbá tí ó bí bàbá rẹ̀ ni ó ń gbé, lórí òkè, láàrin ewúrẹ́. Ní ọjọ́ kan, àbúrò ìyá rẹ̀ wá mú un lọ sí ìlú Frankfurt, sí ilé olówó kan, kí ó lè máa bá ọmọbìnrin ilé náà gbé, ẹni tí kò lè rìn.

Ní 1974, Isao Takahata àti àwọn ayàwòrán rẹ̀ ní Jàpáànì sọ ìwé yìí di fíìmù tẹlifísọ̀n alápá 52. Hayao Miyazaki, tí òkìkí rẹ̀ kàn ká gbogbo ayé lẹ́yìn náà, wà lára wọn. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n rìnrìn àjò lọ sí Súwísàlandì ní 1973. Wọ́n wo òkè, wọ́n wo ilé, wọ́n wo bí koríko ibẹ̀ ṣe rí. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n fún ìwé náà nìyẹn. Lẹ́yìn ọ̀wọ̀ ni òmìnira tó wọlé. Wọ́n dín ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tí ó pọ̀ nínú ìwé náà kù. Wọ́n fi ajá ńlá kan kún un, Josef ni orúkọ rẹ̀. Kò sí ajá bẹ́ẹ̀ nínú ìwé. Wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún àwọn nǹkan kéékèèké: wàràkàṣì tí ń yọ́ níwájú iná, ọmọdé tí ń sáré lórí koríko láìwọ bàtà. Nígbà tí fíìmù náà dé Yúróòpù, àwọn ọmọ ilẹ̀ Jámánì àti ti Sípéènì wò ó dàgbà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀ pé ọwọ́ ará Jàpáànì ni ó ti wá. Ìtàn tí ó kúrò ní Yúróòpù padà dé ilé, wọ́n sì gbà á bí ẹni pé kò jáde rí.

Ilẹ̀ Yorùbá náà ti rí irú iṣẹ́ yìí, ó sì lè jẹ́ pé ti ilẹ̀ Yorùbá tilẹ̀ jinlẹ̀ ju ti Jàpáànì lọ. Ní 1968, ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n ṣe eré kan tí Ola Rotimi kọ, The Gods Are Not to Blame, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ẹ̀bi kì í ṣe ti àwọn òrìṣà. Eré Sophocles, ará Gíríìkì, ni ó tún dá. Ìtàn náà ti lé ní 2,400 ọdún: ọba kan pa bàbá rẹ̀, ó sì fi ìyá rẹ̀ ṣe aya, láìmọ̀. Lọ́dọ̀ àwọn ará Gíríìkì, oríta ni ọba yìí ti pa bàbá rẹ̀, nítorí ta ni yóò yà fún ta ni lójú ọ̀nà. Rotimi gbé ìjà náà lọ sí oko. Odewale bá àgbàlagbà kan àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tí wọ́n ń wa iṣu nínú oko tí ó mọ̀ sí tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn. Àgbàlagbà náà fi èdè àti ẹ̀yà rẹ̀ bú u. Ibẹ̀ ni ikú ti dé.

Kò sí àgbẹ̀ kan ní Adja-Ouèrè tí ó nílò àlàyé lórí ìjà ilẹ̀. Àwọn olùwòran Ilé-Ifẹ̀ náà kò sì nílò àlàyé lórí èébú ẹ̀yà, nítorí pé ogun abẹ́lé Nàìjíríà ń jà lọ́wọ́ ní ọdún náà. Ẹranko abàmì tí ń pa àlọ́ fún àwọn ará Gíríìkì, Rotimi yọ ọ́ kúrò pátápátá. Ogun ni Odewale bá àwọn ará Kutuje jà kí wọ́n tó fi í jọba. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Rotimi fi kọ eré náà, ó ṣeni láàánú díẹ̀. Síbẹ̀ òwe inú rẹ̀, Ifá inú rẹ̀, àti ìbínú inú rẹ̀, Yorùbá ni gbogbo wọn.

Pípààrọ̀ orúkọ nìkan kì í ṣe àtúndá. Ẹnì kan lè mú ìtàn Faransé, kí ó sọ Pierre di Àkànní, kí ó sì fi yìnyín sílẹ̀ lórí òrùlé, kí ó fi àgbà ìlú jókòó sídìí ààrò láti yáná ní oṣù Kejìlá. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bẹ́ẹ̀ ni irú Àkànní yìí. Òun kọ́ ni yóò sì jìyà rẹ̀. Àgbàlagbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà ni yóò jìyà rẹ̀. Yóò ka gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀kan, yóò kà á lẹ́ẹ̀kejì, kò ní yé e. Kò ní rò pé òǹkọ̀wé ni kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Yóò rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n kà, yóò sì pa ìwé náà dé.

Àwọn kan yóò ní olè ni ẹni tí ó bá yí ìtàn ẹlòmíràn padà. Ẹni tí ó fi orúkọ oníǹkan pamọ́ ni olè. Kí a dárúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ ọ́, kí a sì gba àṣẹ bí àṣẹ bá wà láti gbà. Àwọn agbẹ́gilére Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétou àti agbègbè rẹ̀ ti gbé kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù lé orí ère, UNESCO sì bọlá fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 láàrin ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé alùpùpù ti sọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ di ti òyìnbó.

Bí ẹnì kan bá fẹ́ gbé Heidi wá sí Adja-Ouèrè, yìnyín ni yóò kọ́kọ́ lọ. Ọyẹ́ yóò gba ipò rẹ̀. Bàbá àgbà yóò máa gbé nínú oko ọ̀pẹ lẹ́yìn Massè, ẹni tí ó bá àwọn ará abúlé jà, tí kì í bá wọn jókòó mọ́. Ewúrẹ́ yóò dúró bí ó ṣe wà. Àbúrò ìyá náà yóò dúró pẹ̀lú: yóò dé ní ọjọ́ ọjà Ikpinlè, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ dídùn, yóò ní ọmọ yóò lọ sí ilé ìwé ní Cotonou. Àwọn Fọ̀n ní orúkọ fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí a fi sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, vidomègon, gbogbo Bẹ̀nẹ̀ sì mọ orúkọ náà. Búrẹ́dì rírọ̀ tí Heidi ń tọ́jú pamọ́ fún ìyá arúgbó afọ́jú kan ní abúlé, tí àwọn ará ilé olówó wá dànù, kò nílò àyípadà kankan. Ìwé kíkà náà kò nílò rẹ̀. Ní ìlú ni Heidi ti mọ̀ ọ́n kà; nígbà tí ó padà délé, ó ka ìwé fún arúgbó náà, ó sì kọ́ Peter, ọmọkùnrin tí ń da ewúrẹ́.

Ṣùgbọ́n nínú ìwé Spyri, dókítà kan rí i pé àárò ilé ti ń pa ọmọ náà, ó ní kí wọ́n dá a padà kíákíá, ọ̀gá ilé sì gbà. Ilé mélòó ní Cotonou ni a ti ń pe dókítà nítorí àárò ilé ọmọ ọ̀dọ̀? Òǹkọ̀wé Adja-Ouèrè ní láti wá ẹlòmíràn tí yóò rí ọmọ náà: bóyá ọlọ́kadà ọmọ Ikpinlè kan tí ó gbọ́ ohùn ilé lẹ́nu rẹ̀ lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, bóyá àbúrò ìyá náà fúnra rẹ̀. Ìwé 1880 kò ní ìdáhùn fún un níbẹ̀.